Ta Ló Wà Níta, Ta Ló Wà Lọ́dọ̀ Ẹ̀?

Nígbà tí mo wà ní ọjọ́ orí yín yìí, ìyàwó ilé ni mo ti jẹ́ ní Japara, ní Ìjẹ̀bú-Igbó níbí… Ẹ jókòó dáadáa. Tóbi, gbé fóònù yẹn sílẹ̀ ná, kò ní sá lọ.

Mo rí ohun tí ẹ ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ yìí. Mi ò bá yín jà. Ṣé ẹ rí i pé mo kọ́kọ́ bu oúnjẹ fún yín? Ẹni tó fẹ́ jà kì í kọ́kọ́ bu oúnjẹ. Ọmọbìnrin tó dá jókòó sórí bẹ́ńṣì níta yẹn, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá láti Àgọ́-Ìwòyè, ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjá lára ẹ̀. Ọ̀kan nínú yín ní, “Ẹni yẹn tún ti wà níta.” Ẹ wá rẹ́rìn-ín. Etí mi gbọ́ ọ. Ó ṣeé ṣe kí etí tiẹ̀ náà gbọ́ ọ.

Bẹ́ńṣì yẹn ní ìtàn. Ẹ máa jẹun, mo fẹ́ sọ ọ́.

Ẹ mọ òfin ìjọ wa. Obìnrin tó bá ń ṣe nǹkan oṣù lọ́wọ́ kì í wọlé àdúrà. Ìta ló máa jókòó sí, á máa gbọ́ orin láti ojú wíńdò. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ náà, ó di ìgbà tó bá pé ogójì ọjọ́. Bí wọ́n ṣe fi lé wa lọ́wọ́ nìyẹn. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ọmọ yunifásítì ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu lórí ìyẹn… Tóbi, mo rí ojú ẹ. Ìyẹn kọ́ ni mo ń sọ lónìí.

Láyé ìgbà yẹn kò sí bẹ́ńṣì kankan níbẹ̀. Iyanrìn ni, àti igi mángòrò. Tó o bá wà níta, wàá mú ẹní tìẹ lọ́wọ́ wá, tàbí kó o jókòó sórí gbòǹgbò igi. Ìgbà tí mo bí ẹ̀gbọ́n yín àgbà, èmi náà di ará ìta. Mo gbé ọmọ dání, mo ká ẹní sí abíyá, mo lọ. Mo rò pé èmi nìkan ni n óò wà níbẹ̀. Àṣé ẹnìkan ti wà níbẹ̀ ṣáájú mi.

Fúnkẹ́ lorúkọ ẹ̀. Sísítà Fúnkẹ́ la ń pè é. Ọmọ Ibiade ni, lápá etí omi. Iṣẹ́ sọ́míìlì, níbi tí wọ́n ti ń la pákó, ló gbé ọkọ ẹ̀ wá sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Òun náà ń ta ẹja gbígbẹ. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́, ohùn ẹ̀ kì í ròkè. Tó bá kí ọ, ó dà bíi pé ó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ.

Ẹ gbọ́, kì í ṣe pé Fúnkẹ́ wá síta lọ́jọ́ yẹn nìkan. Gbogbo Sọ́ńdè ló ń wà níta. Sọ́ńdè yìí, ìta. Òmíràn, ìta. Aṣọ funfun ẹ̀ á mọ́ tónítóní, ó ti bọ́ bàtà sílẹ̀ bíi ti gbogbo wa, ó gbé Bíbélì lé itan, ṣùgbọ́n kò jẹ́ dé ẹnu ọ̀nà. Òjò á máa rọ̀, á fara ti ògiri lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò jẹ́ wọlé.

Ṣé ẹ mọ ohun tí àwọn èèyàn ń sọ? Wọ́n ní, nǹkan oṣù wo ni kì í tán? Wọ́n ní irọ́ ni. Wọ́n ní ohun tó wà lára ẹ̀ ni kò jẹ́ kó lè wọ ibi mímọ́, pé iná àdúrà ń jó o láti ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ní ẹ wò ó, kò rọ́mọ bí. Kó tó pẹ́, wọn kì í ra ẹja ẹ̀ mọ́. Wọ́n wá ń pè é ní… ẹ mọ orúkọ tí wọ́n máa ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Mi ò ní fi ẹnu mi pè é.

Ìyá ọkọ mi ti kìlọ̀ fún mi kí n tó jáde nílé. Ó ní, “Ìyàwó, tó o bá débẹ̀, jókòó sápá ibòmíràn. Má gbé ọmọ wa fún ẹnikẹ́ni.” Mo ní, “Ẹ ṣé, mà.”

Àmọ́ ẹ wò ó, abẹ́ igi kan ṣoṣo ni òjìji wà. Níbo ni mo fẹ́ jókòó sí? Mo tẹ́ ẹní mi sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. A kí ara wa. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ orin nínú ilé, òun náà ń kọ ọ́ lábẹ́lẹ̀. Ó mọ gbogbo ẹ̀ látòkèdélẹ̀, àní àwọn ẹsẹ tí akọrin máa ń fò. Mo ní nínú ara mi pé, ẹni tí iná àdúrà ń jó ló ń kọrin báyìí?

Ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Mo fẹ́ tún ìró mi ró. Mo nawọ́ ọmọ sí i, mo ní, “Sísítà, ẹ bá mi gbé e.” Ó fà sẹ́yìn. Ó ní, “Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń wò wá láti ojú wíńdò.” Lóòótọ́ ni, mo gbójú sókè, mo rí wọn. Mo bá gbé ọmọ lé e lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n yín kàn dákẹ́ jẹ́ẹ́. Fúnkẹ́ wojú ẹ̀ títí. Ó ní, “Ó ti pẹ́ tí mo ti gbé ọmọ gbẹ̀yìn.”

Lọ́jọ́ yẹn ló sọ ọ́ fún mi. Ẹ̀jẹ̀ ni. Ẹ̀jẹ̀ tó ń wá, tí kì í dá. Látìgbà ìkórè ọdún tó kọjá. Tó bá dá fún ọjọ́ díẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Ó ń pa òfin mọ́ ni, ẹ̀yin ọmọ mi. Kò sí nǹkan mìíràn. Ó lè wọlé kó dákẹ́. Ta ló fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò? Ṣùgbọ́n kò lè purọ́ fún Ọlọ́run. Òfin tí àwọn èèyàn ìjọ fi lé e lọ́wọ́ ló ń pa mọ́, òun náà ni wọ́n sì fi ń pè é lẹ́ni burúkú.

Mo ní, “Ẹ sọ fún Ìyá Ìjọ.”

Ó ní, “Kí wọ́n lè ní ẹ̀ṣẹ̀ ni mo fi fà á? Ẹ jẹ́ kó wà báyẹn. Mo ń gbọ́ ìwàásù níbí.”

Àmọ́ mo wo inú ojú ẹ̀. Funfun ni, bí ẹfun. Mo wo àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀. Kò sí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀. Tó bá fẹ́ dìde, á kọ́kọ́ di igi mú. Mo mọ̀ pé tí obìnrin yìí bá ń gbọ́ ìwàásù níta títí, ibẹ̀ la ó ti gbé òkú ẹ̀.

Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e ni Ìyá Ìjọ jáde sí wa. Ẹ̀yin ò bá a láyé. Òun ni olórí gbogbo àwa obìnrin ìjọ. Obì ló ń tà. Obìnrin gíga, dúdú, tó bá ti gbọ́wọ́ sókè báyìí, orin á dákẹ́. Kò ní ìkà nínú, ṣùgbọ́n kò gba gbẹ̀rẹ́. Àwọn obìnrin ti rojọ́ Fúnkẹ́ fún un títí ó fi sú u. Ó gbé ìgò omi àdúrà lọ́wọ́. Orí kún ojú wíńdò fọ́fọ́.

Ó ní, “Fúnkẹ́, dìde. Ká jọ wọlé.”

“Mi ò lè wọlé, mà.”

“Kí ló dé? Kí lo rí nínú ilé Ọlọ́run tó ń lé ọ?”

Mo fẹ́ lanu. Fúnkẹ́ tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. Òun fúnra ẹ̀ ló dáhùn. Ó ní, “Kò sí nǹkan tó ń lé mi, mà. Mi ò mọ́ ni.”

“Láti ìgbà wo?”

“Láti ìgbà ìkórè èṣí, mà.”

Ìyá Ìjọ ní, “Ìkórè… èṣí?” Ó ń fi ìka ka oṣù, a rí i. Ìgbà yẹn ni ẹnìkan sọ̀rọ̀ láti ojú wíńdò, Ìyá Kẹ́mi, akọrin tí ohùn ẹ̀ dùn jù nínú wa. Àánú ló ṣe é, ọ̀rọ̀ kàn bọ́ lẹ́nu ẹ̀. Ó ní, “Háà, Sísítà Fúnkẹ́, ṣé ẹ ò kàn lè dákẹ́ kẹ́ ẹ wọlé, bí àwa yòókù ṣe ń ṣe ni?”

Gbogbo wa yíjú sí i.

Ó ní, “Àpẹẹrẹ ni mo fi ń ṣe.”

Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ rẹ́rìn-ín. Àwa náà rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Fúnkẹ́ pàápàá rẹ́rìn-ín. Ìyá Ìjọ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ìgò omi sílẹ̀. Ó wo iyanrìn, ó wo Fúnkẹ́, ó wá tú àmùrè ìdí ẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun ẹ̀. Sórí iyanrìn o. Ó ní, “Látìgbà èwe mi ni mo ti ń gbọ́ ìwàásù obìnrin tó ní ìsun ẹ̀jẹ̀ nínú Bíbélì. Àṣé òun ló jókòó síta wa látèṣí.” Ó wá kígbe sínú ilé: “Ẹ bá mi sọ fún Wòlíì kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ sókè. A wà níta.”

Ìyá Kẹ́mi ló kọ́kọ́ jáde. Ẹlòmíràn tẹ̀ lé e. Wòlíì wa fi pẹpẹ sílẹ̀, ó wá dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wàásù fún inú ilé, ó ń wàásù fún ìta.

Kò parí síbẹ̀. Ohun tí ayé òde òní kì í mọ̀ nìyẹn. Ẹ̀yin, tí ẹnìkan bá ń ṣàìsàn, ẹ máa fi ọwọ́ àdúrà ránṣẹ́ sórí fóònù, ó tán. Láyé ìgbà náà, lọ́jọ́ kejì gan-an, ọkọ̀ tó ń kó pákó ni ọkọ ẹ̀ bẹ̀ lọ́wẹ̀, àwa obìnrin gùn ún pẹ̀lú ẹ̀, ó di ọsibítù. Dókítà ní kókó ló wà nínú ilé ọmọ ẹ̀, ó ti tóbi, iṣẹ́ abẹ ló máa gbà. Ṣùgbọ́n ó ní òun ò lè fọwọ́ kàn án báyẹn. Ẹ̀jẹ̀ ara ẹ̀ ti lọ tán. Ẹ lọ wá ẹ̀jẹ̀ wá.

Èmi ni mo kọ́kọ́ nawọ́. Wọ́n ní ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú, lọ jókòó. Wọ́n wo ti Ìyá Kẹ́mi, kò bá a mu. Wọ́n wo ti ọkọ, kò bá a mu. Ti Ìyá Ìjọ ló bá a mu.

Ẹ gbọ́ o, obìnrin tí kò bẹ̀rù ọkùnrin, tí kò bẹ̀rù ẹ̀mí àìmọ́, ó rí abẹ́rẹ́. Ó ní, “Nọ́ọ̀sì, ṣé abẹ́rẹ́ nìyẹn ni, àbí ọ̀kọ̀?”

Nọ́ọ̀sì ní, “Màmá, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ kan.”

Ó ní, “Mi ò wo ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ jẹ́ n rí ibi tó ń lọ.”

Síbẹ̀, ó na ọwọ́ ẹ̀. Mo dúró tì í. Nígbà tí ọ̀rá tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn sí kún, ó sọ fún mi jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bá ara ẹ̀ sọ̀rọ̀, ó ní, “Ẹ̀jẹ̀ la torí ẹ̀ fi í síta. Wò ó, ẹ̀jẹ̀ náà ni Ọlọ́run tún ní kí n wá mú wá.”

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ó yọrí sí rere. A pín ara wa: ẹni tó ń sùn tì í, ẹni tó ń fọṣọ, ẹni tó ń bá a ta ẹja. Ìyá Ìjọ ló ń se ìkọ́kọrẹ́ lọ fún un, á jókòó tì í títí ó fi máa jẹ ẹ́ tán. Àwọn tó ti ń sá fún ẹja ẹ̀ wá ń dù ú.

Ọjọ́ tó máa padà wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, ara ẹ̀ ti mọ́, ara ẹ̀ ti le. Ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró. Ìta ti mọ́ ọn lára. Ó fẹ́ yà sábẹ́ igi. Gbogbo ìjọ ń wò ó. Ìyá Ìjọ dìde láti iwájú, ó rìn bọ̀ títí dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, ó di ọwọ́ ẹ̀ mú. Ó ní, “Ẹ̀jẹ̀ tó wà lára ẹ yìí, ó ti mọ ọ̀nà ilé yìí látọjọ́ tó ti pẹ́. Tẹ̀ lé e wọlé.”

Ó wọlé.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ bi mí. Rárá, ọmọ ò dé. Ẹ má bojú jẹ́. Ó tọ́ ọmọ àbúrò ẹ̀, ó tọ́ ti ẹlòmíràn. Ó ti padà sí Ibiade báyìí, àwọn ọmọ tó ń pè é ní ìyá níbẹ̀ ò lóǹkà. Ẹja inú ọbẹ̀ tí ẹ ń jẹ yìí, òun ló fi ránṣẹ́. Ìgbà tí Ìyá Ìjọ kú, tí a fẹ́ wẹ̀ wọ́n, Fúnkẹ́ ló gbé orí wọn lé itan.

Òfin náà ò yí padà. Ṣùgbọ́n Ìyá Ìjọ kan bẹ́ńṣì sábẹ́ igi, ó sì gùn, kó lè gba ju ẹnìkan lọ. Kò sì jẹ́ kí ìsìn bẹ̀rẹ̀ láìbéèrè. Á dìde, á ní, “Ta ló wà níta? Ta ló wà lọ́dọ̀ ẹ̀?” Tí kò bá sí ẹni tó wà lọ́dọ̀ ẹ̀, ẹnìkan á dìde, ì báà mọ́, ì báà jẹ́ akọrin, á lọ bá a jókòó. Kò ní bi í ní ohunkóhun. Yóò kàn jókòó tì í ni. Ìgbà tí wọ́n kú, ìbéèrè yẹn bá wọn lọ. Ayé ń sáré. Ta ló tún ń béèrè?

Ọmọ Àgọ́-Ìwòyè yẹn, mi ò mọ ohun tó mú un jókòó síta. Ẹ̀yin náà ò mọ̀ ọ́n. Ó lè jẹ́ nǹkan oṣù, ó lè jẹ́ ìtìjú, ó lè jẹ́ ìbànújẹ́. Onígbàgbọ́ bíi tiyín ni, ó sì jí láàárọ̀, ó wọkọ̀ wá. Ìyẹn tó. Ẹ̀yin ẹ wá a, ẹ mọ orúkọ ẹ̀.

Mo ti bá Wòlíì sọ ọ́. Sọ́ńdè tó ń bọ̀, kí orin àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, n óò dìde, n óò béèrè bí Ìyá Ìjọ ṣe ń béèrè. Ta ló wà níta? Ta ló wà lọ́dọ̀ ẹ̀? Mo gbàgbọ́ pé n óò gbọ́ ohùn yín láti ìta, lójú wíńdò.

Ó yá, ẹ bu ọbẹ̀ sí i. Ẹja yẹn pọ̀.