Pákó Kan Lẹ́nu Ọ̀nà Bàbá Sàlímọ́nù

Alága, ẹ̀yin onílé, ẹ̀yin ayálégbé, mo kí yín. Ìwé tó wà lọ́wọ́ mi yìí kì í ṣe àkọsílẹ̀ ìpàdé tó kọjá. Mo mọ̀ pé òun lẹ ń retí kí n kà, bí mo ti ń kà á fún yín láti ọdún mẹ́wàá tí mo ti jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ yìí. Ọ̀rọ̀ mìíràn ni mo kọ. Ó pé ọdún mẹ́ta tí mo ti gbé e mì, kò dà nínú mi, mi ò sì fẹ́ gbé e dé sàréè. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n kà á tán kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, torí bí ẹ bá dá mi dúró lágbede méjì, ó ṣeé ṣe kí n má lè bẹ̀rẹ̀ mọ́. Gbogbo yín lẹ rò pé ẹ mọ bí Bàbá Sàlímọ́nù ṣe kú. Ohun tí ẹ mọ̀ yẹn kọ́ ló ṣẹlẹ̀. Irọ́ ni, ẹnu mi ló sì ti jáde.

Ẹ rántí ọdún 2006, nígbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í tún òpópónà Oríyọmí yìí ṣe. Ọdún mẹ́fà la fi kọ lẹ́tà kí wọ́n tó dá wa lóhùn, ọwọ́ mi ni mo sì fi kọ gbogbo rẹ̀. Lọ́jọ́ tí katapílà wọlé láti ìhà Ìtamága, ijó la jó. Wọ́n gbẹ́ gọ́tà sọ́tùn-ún sósì, ó jìn dé àyà àgbàlagbà. Kò pẹ́ tí òjò dé, iṣẹ́ dúró, omi kún inú gọ́tà, gbogbo wa sì há sínú ilé bí ẹni tí odò yí ká. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù kò rí oníbàárà. Ẹni tó ní mọ́tò kò rí ibi gbé e gbà. Pákó nípọnnípọn tí ilé iṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe pín fún wa la fi ń sọdá. Festus, olórí àwọn lébìrà, ló ń tò wọ́n sẹ́nu ọ̀nà wa. Ọmọ Ìlàjẹ ni. Òun àti Agnes ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn méjì ń gbé nínú ilé páànù tí wọ́n kàn sí ìparí òpópónà.

Ilé Bàbá Sàlímọ́nù ló kàn tiwa. Ará Ẹ̀pẹ́ ni, nínú àwọn tí baba ńlá wọn fi Èkó sílẹ̀ nígbà ogun tí wọ́n lọ tẹ̀dó síbẹ̀. Ojú rẹ̀ ti ṣú, òjìji lásán ló ń rí, Humairah ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń tọ́jú rẹ̀. Síbẹ̀ kì í pa ìrun àsùbáà jẹ ní mọ́sálásí tó wà lódìkejì. Pákó méjì ni Festus tò mọ́ra wọn fún un, kí ó lè fẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló dúró tì í tó ń kọ́ ọ: “Ẹsẹ̀ márùn-ún ni, Bàbá. Ẹ kà á. Ẹ ti débẹ̀.” Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí Bàbá fi mọ ibẹ̀ bí ẹni mọ pálọ̀ rẹ̀. Kì í tilẹ̀ fi ọ̀pá wá ọ̀nà níbẹ̀ mọ́. Mo máa ń gbọ́ tó ń ka ẹsẹ̀ márùn-ún yẹn sókè bí mo bá ń nu inú mọ́tò mi.

Ẹ mọ̀ pé báńkì kan ní Marina ni mo ti ń ṣiṣẹ́, bí n kò bá sì kúrò nílé kí aago márùn-ún ìdájí tó lù, mo ti pẹ́ nìyẹn. Ọjọ́bọ̀ kan ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Lọ́jọ́ tó ṣáájú, ọ̀kan nínú pákó tí mo fi ń wakọ̀ jáde ti sán. Mo sọ fún Festus, ó ní, “Mọ́mì, ẹ fún mi di ọ̀la. Ilẹ̀ mọ́, mo mú òmíràn wá.” Mo ní kò burú. Ṣùgbọ́n ní ìdájí ọjọ́ náà, mo ti wọṣọ tán, àwọn tó ń bọ̀ wá yẹ ìwé wa wò láti orílé-iṣẹ́ máa dé ní aago méje, n kò sì lè dúró de ilẹ̀ mímọ́. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Mo lọ sẹ́nu ọ̀nà Bàbá, mo sì fa ọ̀kan nínú pákó méjèèjì, èyí tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Mo ní ọ̀kan tó kù á tó o. Ẹ gbọ́ ohun tí mo ń sọ o: mo mọ ẹni tó ń gba ibẹ̀. Mo mọ aago tó ń gba ibẹ̀. Mo pinnu pé bí mọ́tò bá ti sọdá, n ó dá a padà. Mọ́tò sọdá. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán, ẹrẹ̀ ti yí mi ní bàtà, mo wo aago. Ìṣẹ́jú méjì péré ni ì bá gbà mí. Mo wakọ̀ lọ.

Nígbà tó di aago mẹ́sàn-án, ọkọ mi pè mí. Ó ní Bàbá Sàlímọ́nù já sí gọ́tà, egungun ìbàdí rẹ̀ ti kán, omi ẹlẹ́gbin sì ti wọ inú rẹ̀ kí wọ́n tó yọ ọ́. Ó wá ní, “Pákó tuntun tó wà lẹ́nu géètì wa yìí, níbo lo ti rí i?” Ó ní, “Mo ti gbé e sẹ́yìn ilé. Má sọ ọ́ létí ẹnikẹ́ni. Ṣé o fẹ́ lọ sẹ́wọ̀n ni?” Adéòjó ọkọ mi ló jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yẹn. Mo ti sọ fún un kí a tó jáde pé n ó dárúkọ rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀, tí àwọn lébìrà ń kó pákó kiri láti fi da kọnkéré, ni gbogbo àdúgbò bá ní Festus ló yọ ti Bàbá. Àwọn ọ̀dọ́ wa wọ́ ọ nínú ẹrẹ̀. Alága wa, Alhaji Yísà, ló gbà á lọ́wọ́ wọn tó fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Ẹ wá ní kí akọ̀wé kọ ìwé ẹ̀sùn. Mo kọ ọ́. Ẹ sì yìn mí pé gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ múná. Lọ́jọ́ kejì Agnes wá bá mi nílé, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Mọ́mì, ẹ̀yin lẹ mọ̀wé nínú wọn. Bí ọkọ mi bá máa yọ pákó gbogbo òpópónà, kò ní yọ ti Bàbá. Ẹ bá mi sọ fún wọn.” Mo ní kó máa gbàdúrà. Mo fún ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ní bisikíìtì. Mo ti ọkọ rẹ̀ mọ́lé, bisikíìtì ni mo fún ọmọ rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹrin, Bàbá ránṣẹ́ pè mí ní ọsibítù. Humairah ti jáde lọ ra oògùn, àwa méjèèjì nìkan la wà níbẹ̀. Mímí ń ni í lára. Ó ní, “Ìyá Tìmílẹ́hìn, sún mọ́ mi. Ọmọ Ìlàjẹ yẹn kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Nígbà tí mo kírun ìṣáì tán lálẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí mo ṣubú, òun ló mú mi lọ́wọ́ sọdá. Pákó méjèèjì wà níbẹ̀, mo fẹsẹ̀ tẹ̀ wọ́n. Ẹni tó mú ọ̀kan, ẹ̀yìn ìgbà yẹn ló mú un, n kò sì wá onítọ̀hún. Lọ sọ fún ọlọ́pàá pé èmi ni mo ní kí wọ́n tú ọmọ náà sílẹ̀. Ìwọ ni mo rán torí wọ́n á gbà ọ́ gbọ́.” Mo ní, “Mo gbọ́, Bàbá.” Ó wá ọwọ́ mi títí ó fi rí i, ó ní Ọlọ́run kò ní dójú tì mí. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ó ti kú.

Ibi tí mo wà yìí ni ọkàn mi ti ń sá fún láti àárọ̀. Ọlọ́pàá tó ń gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bi mí pé, “Màdáámù, ṣé Bàbá sọ nǹkan kan kí ó tó kú?” Mo lè ní n kò mọ̀. Ká ní mo dákẹ́ lásán, ìkà ni n bá ṣe, ṣùgbọ́n ìkà náà ì bá mọ níwọ̀n. Mo rò ó pé bí ọ̀rọ̀ Bàbá bá wọnú ìwé, wọ́n á bi ara wọn pé ta ló mú pákó lẹ́yìn ìṣáì, wọ́n á sì bèèrè ẹni tó ń wakọ̀ jáde ní ìdájí. Ni mo bá ní, “Ó sọ ọ́ létí mi pé Festus ló yọ ọ́, òun gbọ́ ohùn rẹ̀.” Mo fi irọ́ sẹ́nu òkú. Ó kọ ọ́, mo buwọ́ lù ú. Nígbà tí Humairah ti Ẹ̀pẹ́ níbi tí wọ́n ti sin Bàbá dé, ó bi mí pé, “Mọ́mì, ṣé ẹ jíṣẹ́ tí Bàbá sọ fún mi pé òun rán yín ní tésàn?” Mo ní mo jẹ́ ẹ, wọn ò gbọ́ tèmi. Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Humairah, èmi ni mo ní kí o wá síbí lónìí. Ìdí tí mo fi pè ọ́ nìyí.

Wọ́n parí òpópónà, wọ́n ta ọ̀dà sí i, èmi ni mo ka ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i. Lọ́jọ́ náà, Festus wà látìmọ́lé. Ọdún méjì ó lé ló lò níbẹ̀, wọ́n ń sún ẹjọ́ síwájú, torí èmi tí mo jẹ́ ẹlẹ́rìí kò yọjú ní kóòtù títí adájọ́ fi tú u sílẹ̀. Agnes ti kó àwọn ọmọ lọ, ó ti wà lọ́dọ̀ ọkọ mìíràn.

Ní oṣù tó kọjá, mo lọ wo ilẹ̀ kan ní Agbówá. Níbi tí wọ́n ti ń kó yanrìn létí ọ̀sà, ọkùnrin kan ju ṣọ́bìrì sílẹ̀, ó sáré wá, ó dọ̀bálẹ̀ nínú yanrìn tútù. Festus ni. Ó ti ru, irun rẹ̀ ti ń funfun. Ó ní, “Mọ́mì Akọ̀wé, ẹ ṣeun. Ọmọ Bàbá sọ fún mi nígbà tó wá wò mí pé ẹ lọ bẹ̀bẹ̀ fún mi ní tésàn. Mo ń fi orúkọ yín sínú àdúrà.” N kò mọ bí mo ṣe dé inú mọ́tò. Nígbà tí Sátidé pé, mo padà lọ, mo dúró níwájú rẹ̀, mo sì sọ gbogbo ohun tí ẹ gbọ́ yìí fún un. Kò ṣépè. Ó ní, “Ẹ kò kàn pè mí? Mo ti jí nígbà yẹn. Ibi tí mo wà kò jìnnà. N bá gbé òmíràn wá fún yín.” Mo ní kó foríjì mí. Ó ní, “Ẹ lọ sọ ọ́ níbi tí ẹ ti kọ́kọ́ sọ ọ́.” Ó mú ṣọ́bìrì rẹ̀, ó padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wà lẹ́yìn, ẹ̀yin tí ẹ wọ́ Festus lọ́jọ́ náà, n kò lẹ́nu láti bá yín wí, ṣùgbọ́n ẹ gba èyí lọ́wọ́ mi. Bí ẹni tí ẹ bọ̀wọ̀ fún bá na ìka sí ẹnì kan, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ibi tí òun fúnra rẹ̀ wà. Bí ẹ bá sì ṣe àṣìṣe, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, nígbà tí ó ṣì jẹ́ àṣìṣe. Ká ní mo sọ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹkún àti ìtanràn ni ì bá já sí. Humairah, má dá mi lóhùn lónìí. Mo bẹ̀ ọ́, mo bẹ gbogbo ará Ẹ̀pẹ́ tí wọ́n ṣì ń pe Festus ní apànìyàn. Alága, mo ti kọ̀wé fi ipò akọ̀wé sílẹ̀, ó wà nísàlẹ̀ ìwé yìí. Bí mo bá ti jókòó báyìí, tésàn ni mo ń lọ, láti lọ fagi lé ohun tí mo buwọ́ lù. Kò jìnnà, ẹsẹ̀ ni n ó fi rìn. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnì kan nínú yín dìde kó bá mi lọ, ẹnikẹ́ni, torí mo mọ ara mi. Bí mo bá dá lọ, mo lè yà sílé.