Ọ́fùn Ọ̀rẹ́ Mi Kan

[Aago mẹ́wàá àárọ̀, nígbà ìsinmi ilé-ìwé. Ẹ̀GBỌ́N ni ọ̀gá ilé-ìwé girama tí kì í jẹ́ kí ọmọ tí èékánná rẹ̀ dọ̀tí wọ kíláàsì. Ó wà ní kíṣìnnì ilé ara rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó ṣí fèrèsé sílẹ̀ gbayawu. ÀBÚRÒ, ọmọ ìyá rẹ̀ obìnrin, ni alásè àgbà ní hòtẹ́ẹ̀lì kan, ó sì wà lẹ́nu iṣẹ́. Fóònù dún títí kó tó gbé e.]

ÀBÚRÒ: Hẹ́lò? Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàárọ̀ sà.

Ẹ̀GBỌ́N: Káàárọ̀. Ṣé dáadáa lo jí? Àwọn ọmọ ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́? Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣé o ráyè?

ÀBÚRÒ: Ẹ ò tíì jẹ́ kí n dáhùn. A wà dáadáa. Àlùbọ́sà ni mò ń gé, ogójì èèyàn ló ń bọ̀ wá jẹun ọ̀sán.

Ẹ̀GBỌ́N: Mi ò ní pẹ́. Ìbéèrè kékeré kan ni. Purely academic. Ọ́fùn kan ló— [krr-krr]

ÀBÚRÒ: Ọ̀fun? Ọ̀fun ń dùn yín?

Ẹ̀GBỌ́N: Kò dùn mí. Ó dọ̀tí.

ÀBÚRÒ: Ọ̀fun yín dọ̀tí? Ẹ po iyọ̀ mọ́ omi lílọ́wọ́ọ́rọ́, ẹ gbójú sókè, ẹ fi fọ̀ ọ́. Ẹ má gbé e mì o.

Ẹ̀GBỌ́N: Kì í ṣe ọ̀fun tí èèyàn fi ń gbé nǹkan mì! Ọ́fùn! Ọ́fùn tí wọ́n fi ń yan kéèkì! Ṣé o gbọ́ mi?

ÀBÚRÒ: Áà. Ọ́fùn. [Ọ̀bẹ dákẹ́.] Ọ́fùn ta ni?

Ẹ̀GBỌ́N: Ti ọ̀rẹ́ mi kan.

ÀBÚRÒ: Ọ̀rẹ́ yín.

Ẹ̀GBỌ́N: O ò mọ̀ ọ́n. Ọ̀mọ̀wé ni. Èèyàn pàtàkì.

ÀBÚRÒ: Kí lèèyàn pàtàkì fi ọ́fùn ṣe?

Ẹ̀GBỌ́N: Ìyàwó ẹ̀ rìnrìn àjò ọjọ́ mẹ́wàá. Òun wá pe àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ wá jẹun, torí ó ti sọ ní ìpàdé pé kò sí nǹkan kan nínú ìdáná. Ìwé kíkà lásán ni. Ẹni tó bá ti lè kàwé lè se oúnjẹ.

ÀBÚRÒ: Ó jọ ohun tí ẹ sọ fún mi lọ́jọ́ tí mo gba ìwé ẹ̀rí alásè.

Ẹ̀GBỌ́N: Èmi àti ẹ̀ máa ń ro èrò kan náà.

ÀBÚRÒ: Òótọ́ ni. Wọ́n ní àgùntàn tó bá bá ajá rìn—

Ẹ̀GBỌ́N: Parí ẹ̀ síbẹ̀. Adìyẹ méjì ló yan. Kò lo páànù, orí irin inú ọ́fùn ló tẹ́ wọn sí gbọọrọ, kí afẹ́fẹ́ lè yí wọn ká. Scientifically, ó mọ́gbọ́n dání.

ÀBÚRÒ: Ọ̀rá wọn wá ń kán sílẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Ó kán sílẹ̀, ó kán sára ògiri, ó gbaná. Inú ẹ̀ ti dú bí ìdí ìkòkò.

ÀBÚRÒ: Àwọn àlejò ńkọ́?

Ẹ̀GBỌ́N: Wọ́n jẹ bisikíìtì.

ÀBÚRÒ: Ìyàwó ẹ̀ ò kìlọ̀ fún un kó tó lọ?

Ẹ̀GBỌ́N: Ó lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn ọ́fùn. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré: "Má tan án." Ṣùgbọ́n òróró ta sí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́.

ÀBÚRÒ: Ó wá ṣẹ́ku "tan án".

Ẹ̀GBỌ́N: Ó ṣẹ́ku "tan án". Ọ̀rẹ́ mi jẹ́ ẹni tó ń tẹ̀lé ìlànà.

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n, òróró yẹn ta síbẹ̀ kó tó tan án ni, àbí lẹ́yìn tó tan án?

Ẹ̀GBỌ́N: Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì yìí ń ṣe ségesège. Ṣé o gbọ́ mi?

ÀBÚRÒ: Ketekete. Ìgbà wo ni ìyàwó ẹ̀ ń bọ̀?

Ẹ̀GBỌ́N: Aago méjì ọ̀sán òní. Kéèkì ìgbéyàwó alájà mẹ́ta ló fẹ́ yan nínú ẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú, ọ̀la ni wọ́n máa gé e. Tí kéèkì ìyàwó bá lọ ń rùn bí adìyẹ jíjóná, orúkọ tó ti ń fi ọdún méje kọ́ ti bàjẹ́ nìyẹn. Ọ̀rẹ́ mi sì ti fọwọ́ sọ̀yà fún un pé bó ṣe fi kíṣìnnì sílẹ̀ ló máa bá a.

ÀBÚRÒ: Kéèkì ni iṣẹ́ ìyàwó ẹ̀. Bíi ti ìyàwó wa.

Ẹ̀GBỌ́N: Àwọn obìnrin tó ń ṣe kéèkì pọ̀ lóde.

ÀBÚRÒ: Ìyàwó wa náà ń bọ̀ lónìí. Ó ní òun á kọ́kọ́ yà gba páànù alájà mẹ́ta lọ́wọ́ mi níbí.

Ẹ̀GBỌ́N: Níbẹ̀? Lónìí? Aago mélòó?

ÀBÚRÒ: Kò sọ.

Ẹ̀GBỌ́N: Sọ nǹkan tí wọ́n fi ń fọ̀ ọ́ fún mi. Kíá.

ÀBÚRÒ: Fún ọ̀rẹ́ yín.

Ẹ̀GBỌ́N: Fún ọ̀rẹ́ mi.

ÀBÚRÒ: Kò le rárá. Kó kọ́kọ́ yọ àwọn irin inú ẹ̀, kó rẹ wọ́n sínú omi gbígbóná àti ọṣẹ ìfọbọ́.

[Irin já lulẹ̀, gbàràgàdà.]

Ẹ̀GBỌ́N: Ó ti yọ wọ́n.

ÀBÚRÒ: Ọwọ́ ẹ̀ mà yá o. Ṣé ọ̀dọ̀ yín ló wà ni?

Ẹ̀GBỌ́N: Ó wà lórí fóònù mi kejì. Máa bá a lọ.

ÀBÚRÒ: Kó wá wá sódà. Kì í ṣe sódà àwọn aṣeọṣẹ o, ìyẹn á bó o lọ́wọ́. Sódà ti kéèkì ni mò ń wí. Lẹ́búlẹ́bú funfun ni.

Ẹ̀GBỌ́N: Ti kéèkì. Funfun. [Ìdérí agolo ṣí, pọ́ọ̀.] Ó ti rí i.

ÀBÚRÒ: Kó fi omi díẹ̀ pò ó, kó ki bí ọṣẹ ìfọyín. Kó fi kun inú ẹ̀ yíká, ṣùgbọ́n kó yẹra fún irin tó máa ń pọ́n tí ọ́fùn bá gbóná yẹn. Kó wá tilẹ̀kùn ẹ̀, kó fi sílẹ̀ fún wákàtí kan, kí sódà máa jẹ ọ̀rá yẹn díẹ̀díẹ̀. Ní gbogbo àsìkò yẹn, kó [krr] tan án. Ṣé ẹ gbọ́ mi?

Ẹ̀GBỌ́N: Mo gbọ́. Kó tan án.

ÀBÚRÒ: [sí àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀] Ẹ rọra! Àwo yẹn gbóná! Ẹ̀gbọ́n, ẹ dì í mú, kí n sọ ìkòkò yìí kalẹ̀.

[Ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Lápá kan, ìkòkò ń hó, ẹnìkan ń bú ẹnìkan nítorí ṣíbí. Lápá kejì, àkísà ń lọ ń bọ̀ lára irin, ọkùnrin kan ń fi ohùn jẹ́jẹ́ kọrin bí ẹni tí ayé ń yẹ. Nǹkan kan yí, kọ́rọ́.]

Ẹ̀GBỌ́N: Àbúrò? Ṣé o gbọ́ mi?

ÀBÚRÒ: Mo ti dé.

Ẹ̀GBỌ́N: Ó ti kùn ún. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ, àfi bí ògiri ilé tuntun. N ò mọ ohun tí ẹ̀yin alásè fi ń gbéra ga. Ó tiẹ̀ ti ń ta sánsán.

ÀBÚRÒ: Kí ló ń ta sánsán?

Ẹ̀GBỌ́N: Ọ́fùn náà. Bíi suwíìtì.

ÀBÚRÒ: Sódà kì í ta sánsán.

Ẹ̀GBỌ́N: Bóyá nítorí pé ó ti gbóná.

ÀBÚRÒ: Ta ló mú un gbóná?

Ẹ̀GBỌ́N: O ní kó tan án.

ÀBÚRÒ: Mo ní kó MÁ tan án!

Ẹ̀GBỌ́N: Mi ò gbọ́ "má" kankan.

ÀBÚRÒ: Fóònù ló gbé e mì! Ẹ pa á!

[Kọ́rọ́.]

Ẹ̀GBỌ́N: Ó ti pa á. Jẹ́ kó wà ní àkọsílẹ̀ pé fóònù ló jẹ̀bi, kì í ṣe ọ̀rẹ́ mi.

ÀBÚRÒ: Ẹ tọ́ ọ wò.

Ẹ̀GBỌ́N: Èmi?

ÀBÚRÒ: Ọ̀rẹ́ yín. Kó tọ́ ọ wò.

[Ẹnu ń dún, ta, ta.]

Ẹ̀GBỌ́N: Ó dùn.

ÀBÚRÒ: Ó dùn.

Ẹ̀GBỌ́N: Ó dùn gan-an ni.

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n, kí ni wọ́n kọ sára agolo yẹn?

Ẹ̀GBỌ́N: "Ti kéèkì." Ìwọ náà lo sọ ọ́. Mo kàwé, ohun tí mo kà ni mo bù.

ÀBÚRÒ: Ṣúgà ni. Ṣúgà kíkúnná tí ìyàwó wa fẹ́ fi kun kéèkì alájà mẹ́ta lẹ bù.

Ẹ̀GBỌ́N: Ọ̀rẹ́ mi ló bù ú.

ÀBÚRÒ: Ọ̀rẹ́ yín ti ṣe ọ́fùn lọ́ṣọ̀ọ́ fún ìgbéyàwó. Ó ku ká kọ orúkọ tọkọtaya sí i. Ṣé ṣúgà ṣì kù?

Ẹ̀GBỌ́N: Ó kù díẹ̀.

ÀBÚRÒ: Báwo ni díẹ̀ yẹn ṣe rí?

Ẹ̀GBỌ́N: Tí èèyàn bá gbá ìdí agolo.

ÀBÚRÒ: Yé! Èyí tó wà nínú ọ́fùn ńkọ́, ṣé ó ti ń le?

[Èékánná ń kan nǹkan, ko, ko.]

Ẹ̀GBỌ́N: Ó ti di gíláàsì.

ÀBÚRÒ: Ẹ fara balẹ̀. Ooru omi nìkan ló lè rọ̀ ọ́. Ẹ gbé abọ́ irin kan tó kún fómi sínú ẹ̀, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Ẹ tilẹ̀kùn, ẹ wá tan án fún ogún ìṣẹ́jú.

Ẹ̀GBỌ́N: Dúró. Kí n tan án, àbí kí n má tan án?

ÀBÚRÒ: Kí ẹ TAN án.

Ẹ̀GBỌ́N: Kò sí "má" níbẹ̀?

ÀBÚRÒ: Kò sí "má"! Ẹ ń gbọ́ mi? Kò sí "má"! Tó bá ti ń làágùn, ẹ pa á, ẹ jẹ́ kó tutù díẹ̀, ẹ fi àkísà nù ún. Ìgbà yẹn lẹ máa wá fi sódà gidi kùn ún, láì tan án. Tí wákàtí kan bá pé, ẹ wọ́n ọtí kíkan sí i. Á hó ṣìì, á gbé ìdọ̀tí wá. Ẹ tún nù ún.

Ẹ̀GBỌ́N: Mo ti tan án. [Kọ́rọ́.] Ọ̀rẹ́ mi ti tan án.

[Lọ́dọ̀ ÀBÚRÒ, ilẹ̀kùn ṣí. Ìró bàtà onígìgísẹ̀.]

ÌYÀWÓ: [láti òkèèrè] Ẹ kú iṣẹ́ o!

ÀBÚRÒ: Háà, ìyàwó wa! Ẹ káàbọ̀. Ẹ mà tètè dé.

Ẹ̀GBỌ́N: Ta nìyẹn?

ÌYÀWÓ: Ọkọ̀ wa ò dúró níbì kankan. Ta lẹ ń pariwo "kò sí má" fún?

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n ni. Wọ́n ní ọ̀rẹ́ àwọn kan ni ọ́fùn ẹ̀ dọ̀tí.

ÌYÀWÓ: Ọkọ mi ò ní ọ̀rẹ́ tó ní ọ́fùn.

Ẹ̀GBỌ́N: Àbúrò. Àbúrò mi àtàtà. Ọmọ ìyá mi. Ṣé o gbọ́ mi?

ÀBÚRÒ: Mo gbọ́ yín.

Ẹ̀GBỌ́N: Mo fi ọmú tá a jọ mu bẹ̀ ọ́, [krr] sọ fún un.

ÀBÚRÒ: Kí n sọ fún un?

Ẹ̀GBỌ́N: Mo ní kí o [krr] sọ fún un!

ÀBÚRÒ: Ó dáa náà. Ìyàwó wa, ẹ sọ àpò yẹn kalẹ̀, ẹ fìdí mọ́ àga. Ẹ̀gbọ́n ní kí n sọ fún yín.

Ẹ̀GBỌ́N: Má! "Má" ni mo wí! Fóònù ló gbé e—

ÌYÀWÓ: Ẹ fún mi ní fóònù yẹn. [Fóònù yí ọwọ́.] Hẹ́lò? Olówó orí mi.

Ẹ̀GBỌ́N: Ìyàwó mi. Ẹ kú ìrìn o. Ṣé àlàáfíà lẹ bọ̀?

ÌYÀWÓ: Ẹ ti ń pè mí ní "ẹ". Kí ló wà nínú ọ́fùn mi?

Ẹ̀GBỌ́N: Abọ́ omi kan.

ÌYÀWÓ: Kí ló tún wà níbẹ̀?

Ẹ̀GBỌ́N: Ọsàn.

ÌYÀWÓ: Kí ló wà lábẹ́ ọsàn?

Ẹ̀GBỌ́N: Ṣúgà rẹ.

[Lẹ́yìn ÌYÀWÓ, ọ̀bẹ ti padà sídìí àlùbọ́sà, kẹ́jẹ́kẹ́jẹ́.]

ÌYÀWÓ: Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo fi máa dé ilé. Ẹ wà níbi tí ẹ wà. Ẹ [krr] jáde.

Ẹ̀GBỌ́N: O ní kí n ṣe kí ni?

ÌYÀWÓ: Mo ní kí ẹ [krr] jáde! Ṣé ẹ gbọ́ mi?

Ẹ̀GBỌ́N: Mo gbọ́ ọ ketekete, ìyàwó mi. Mo ti ń wọ bàtà.

[Ìpè já.]