Ṣúgà Tí Mo Gbé fún Oyin Àlàájì

Ẹ̀yin òǹkàwé, ara mi le, ọkàn mi sì balẹ̀ lórí ọ̀pọ̀ nǹkan. Mo ti parí ẹ̀kọ́ mi ní Mẹ́kà, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Ohun kan ṣoṣo ni mo fi pamọ́ láti ọdún tó kọjá. Ǹ bá má tilẹ̀ sọ ọ́, àmọ́ ìgbà òtútù ti tún dé, ẹlòmíràn sì ti fẹ́ fara gbá nínú rẹ̀.

Àlàájì tó gbà mí sílé ní Jẹ́dà jẹ́ ọmọ Ìlọrin. Ó ń ta oyin ní Al-Balad, àdúgbò àtijọ́ ìlú náà, lẹ́bàá ibi tí wọ́n ti wó odi ìlú. Ilé oyin méjìlá ló ní, ìkòkò amọ̀ gbọọrọ tí wọ́n tò sábẹ́ àwọn igi ẹlẹ́gùn-ún kan ní àfonífojì, lójú ọ̀nà Mẹ́kà. Nígbà òtútù ọdún tó kọjá, orúnkún dá a dúró, ó ní kí n máa bá òun tọ́jú wọn.

"Akọ̀wé," ó ní, "má fi ìwé rẹ kọ́ oyin mi o. Má fún wọn ní ṣúgà. Ẹni tó dá wọn ló ń bọ́ wọn."

Mo ní, "Mo gbọ́, Bàbá."

Mo gbádùn iṣẹ́ náà. Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, mo máa ń jókòó síbẹ̀ nínú oòrùn tí kò mú, kí n máa wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ṣùgbọ́n òjò kò rọ̀. Òdòdó gbẹ. Mo fọwọ́ gbé ìdí ìkòkò kọ̀ọ̀kan wò: wọ́n ti fúyẹ́, ìyẹn ni pé oúnjẹ inú wọn ti ń tán. Nígbà tó yá, mo rí òkú oyin lẹ́nu ìkòkò méjì. Mo ro ó síwá sẹ́yìn. Mo ra ṣúgà ládùúgbò Al-Baghdadiyah, mo pò ó mọ́ omi gbígbóná, mo gbé e síwájú wọn nínú àwo pẹlẹbẹ, mo fi ẹ̀ka igi sí i kí wọ́n má bàa rì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ilé méjèèjìlá yè.

Inú Àlàájì dùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní ọmọ òun. N kò sọ nǹkan kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi yé: kò bi mí ni. Mo mọ̀ pé àwíjàre yẹn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. A kò gé afárá kankan títí òdòdó fi tún yọ, nítorí náà n kò rò pé ṣúgà náà dé ọ̀dọ̀ oníbàárà. Ṣùgbọ́n n kò lè búra.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Àlàájà kan wá sí ìsọ̀ wa. Opó ni, ilé oyin mẹ́jọ ni ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Òjò tún ti kọ̀ lọ́dún yìí. Ó ní òun ń lọ ra ṣúgà fún wọn.

"Ṣúgà kẹ̀?" Àlàájì bú sẹ́rìn-ín. "Àlàájà, ṣé tíì ni oyin tiyín ń mu ni? Wàláì, tèmi kò tọ́ hóró ṣúgà kan wò lọ́dún tó kọjá, ilé kan kò sì kú. Ẹ bi akọ̀wé mi."

Àlàájà yíjú sí mi. "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi?"

Mo wolẹ̀. Mo ní, "Gbogbo wọn ló yè, Ìyá."

Òótọ́ ni mo sọ. Síbẹ̀, n kò tíì pa irọ́ tó burú tó ìyẹn rí. Àlàájà lọ láìra ṣúgà.

Mo ti gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Ẹni tó búra lórí ohun tó dá a lójú kò jẹ̀bi. Èmi tí mo jẹ́ kó búra ni mo jẹ̀bi. Tí mo bá sọ ọ́, ojú á ti Àlàájì, ó sì lè má fi ohunkóhun ṣọ́ mi mọ́.

Láàárọ̀ òní, mo yà síbi tí ilé oyin Àlàájà wà. Mo gbé ìdí ìkòkò àkọ́kọ́. Ó fúyẹ́.

Mo lè yọ́ gbé ṣúgà fún tirẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n lọ́dún tó ń bọ̀, àwọn méjì ni yóò máa búra.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Mo mọ̀ pé mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ta ni kí n kọ́kọ́ lọ bá, Bàbá tí mo fẹ́ dójú tì, tàbí Ìyá tí oyin rẹ̀ ń kú lọ? Ẹ má jẹ́ kí èsì yín pẹ́. Oyin inú ìkòkò yẹn kò ní yè ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ.