Ọmọ Ọlọ́mọ Tí Mo Pọ̀n Wálé Nínú Òjò

Nígbà tí irùngbọ̀n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, tí mo ti sá kúrò nílé ìwé, tí mo ń kọ́ṣẹ́ bíríkìlà... ẹ má rẹ́rìn-ín, èmi náà ṣe ọmọdé rí! Ní gbogbo àdúgbò wa ní Ìwó, ta ló mọ ẹ̀fẹ̀ ṣe tó mi? Láàárọ̀ ọjọ́ Iléyá ọdún kan, mo pariwo pé, "Ìyá, àgbò ti já o! Ó ti forí lé ọ̀nà Kuta!" Ìyá mi sáré jáde láìwé gèlè. Àgbò wà nídìí èèkàn, ó ń jẹ èèpo iṣu. Wọ́n ní, "Mùfú, ìwọ gan-an ló yẹ ká so mọ́ èèkàn yìí."

Ní ọjọ́ kẹta ọdún, àwọn eléré kan wọ̀lú. Ẹ gbọ́, eré ìgbà yẹn kì í ṣe ti inú fóònù o. Pápá ilé ìwé ni, lọ́sàn-án, lórí pákó tí wọ́n tò sórí àgbá. Kóówá gbé àpótí ìjókòó láti ilé. Gbogbo wa la lọ. Bàbá mi tó jẹ́ àfáà náà bá wa lọ. Wọ́n ní, "Ẹ má jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mo wá o."

Aṣọ ọdún wa ńkọ́? Nígbà náà, odindi ìgàn aṣọ kan ni bàbá máa ń rà, wọn á fi dá aṣọ fún gbogbo ọmọ ilé. Bí o bá rí ẹnì kan, o ti rí gbogbo wa. Ohun tí a ò rò ni pé ẹni tó ta ìgàn yẹn fún Bàbá ta irú ẹ̀ fún ẹlòmíì.

Eré dùn. Ọba ìkà kan wà níbẹ̀, ó fi òwú ṣe irùngbọ̀n. Ibi tó ti ń pàṣẹ ni òjò ti dà... wọ̀ọ̀! Àpótí ń ṣubú, oníkálukú ń pe ọmọ ẹ̀. Ìyá mi kígbe pé, "Mùfú, gbé Rábì!" Rábì ni àbúrò mi, ọmọ ọdún mẹ́ta. Mo rí aṣọ wa, mo pọ̀n ọ́n, mo fi àpò tí mo tẹ́ sórí àpótí mi bo àwa méjèèjì, ó di ilé.

Ọmọ náà fẹ́ sunkún. Kí ni mo sọ? Mo ní, "Panu dé! Nínú irú òjò yìí, ẹni tó bá lanu, ọ̀pọ̀lọ́ á bẹ́ sí i lẹ́nu." Mo ń dá rẹ́rìn-ín. Ọmọ fún ẹnu pọ̀ pinpin. Kò fọhùn títí a fi délé.

Mo ṣí àpò... Kì í ṣe Rábì!

"Ta ni ẹ́?" Kò dáhùn. "Níbo ni ìyá ẹ wà?" Ó kàn ń mirí, ó fún ẹnu pọ̀. Ọ̀pọ̀lọ́ ló ń bà á lẹ́rù. Ká ní mo jẹ́ kó sọ̀rọ̀ lọ́nà, ṣé mi ò ní mọ̀ pé ohùn àbúrò mi kọ́?

Ìyá ń pààrọ̀ aṣọ nínú yàrá. Mo ní, "Ìyá, kì í ṣe Rábì ni mo gbé wá o!"

"Ẹ̀n-ẹ́n. Àgbò ni o gbé wá?"

"Ìyá, mo fi Ọlọ́run búra!"

"Bọ́ aṣọ tútù lára ẹ̀, o jàre."

Bàbá tó ń fún omi lára ẹ̀wù wọn ní, "Mùfú, yọ Ọlọ́run kúrò nínú ẹ̀fẹ̀ ẹ."

Kí ni kí n ṣe? Mo tún ọmọ náà pọ̀n, mo sáré padà. Àgbàrá ti dé orúnkún mi, ó ń gbé àpótí àwọn èèyàn lọ. Bó bá lè gbé àpótí, kí ni kò ní fi ọmọ ọdún mẹ́ta ṣe? Èmi aláwàdà... mo ń ké bí ewúrẹ́.

Pápá ti ṣófo. Mo pariwo, "Rábì! Rábì o!" Ohùn ọkùnrin kan dáhùn lábẹ́ pákó eré: "Ta lò ń wá?"

Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ọba ìkà ni! Òwú irùngbọ̀n ẹ̀ ti ré bọ́ lápá kan. Rábì sùn lé e lẹ́sẹ̀, ọkùnrin náà fi agbádá ọba bò ó. Obìnrin kan tó wá ṣọdún láti Olúpọ̀nnà jókòó tì wọ́n, ó ń sunkún. Bó ṣe rí ọmọ tó wà lẹ́yìn mi, ó kígbe, "Síkírá!"

Ọmọ náà wo òjò, ó wò mí. Mo ní, "Lanu, ọ̀pọ̀lọ́ ti lọ."

"Ìyá mi!"

Mo rò pé obìnrin náà á gbá mi létí. Ó ní, "Alihamudulilai! O ṣeun tó o gbé e padà, ọmọ mi." Ọba ń rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀, ó nawọ́ sí Rábì: "Ẹ wo ọmọ yìí. Nígbà tí mò ń ṣèkà lórí pákó, ó ń sunkún. Òjò dé, èmi ló sá wá bá." Mo jókòó sínú ẹrẹ̀, mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń sunkún.

Lọ́nà ilé, mo pàdé Ìyá àti Bàbá, wọ́n ń sáré bọ̀ láìwọ bàtà. Wọ́n ti wá gbogbo yàrá, wọn ò rí ọmọ kankan. Ìyá gba Rábì, wọ́n fọwọ́ kan imú ẹ̀, etí ẹ̀, ìka ẹ̀... Bàbá mi, tí kì í bẹ ọmọ, di èjìká mi mú. Wọ́n ní, "Mùfú, jọ̀ọ́."

Mi ò ní kẹ́ ẹ má ṣẹ̀fẹ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Àmọ́ ẹ má fi dẹ́rù ba ẹni tó kéré sí yín. Ẹ̀yin ẹ ní fóònù lónìí, síbẹ̀ bí ọmọ bá fi ìṣẹ́jú márùn-ún pẹ́, àyà gbogbo ilé á já. Ọmọ máa ń sọnù nígbà tiwa náà. Hmm... àmọ́ ọwọ́ èèyàn ló máa ń sọnù sí.