Ẹ̀rọ Ìjọba Ní Mi Ò Bímọ

Aago méje kọjá díẹ̀ láàárọ̀ yìí, òjò winniwinni ń rọ̀, kò tó ohun tí èèyàn ń sá fún, kò sì jẹ́ kí aṣọ gbẹ síni lára, ìgbà yẹn ni èmi àti Rasheedah ti jáde nílé ní Ìbafò. Ẹ̀gbọ́n Nọ́fíù, ẹ má wo aago ọwọ́ yín mọ́, mo mọ̀ pé ọ̀sán ti pọ́n, mo mọ̀ pé láti àárọ̀ lẹ ti ń da kọnkéré yìí láìsí mi. Ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ lónìí. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe lébìrà lábẹ́ yín, ẹ ò gbọ́ ohùn mi ju "ẹ kú iṣẹ́" àti "ó ti tó" lọ. Lónìí ẹ ó gbọ́ ọ. Wọ́n ní mi ò bímọ.

Èmi, Àbúbákr. Wọ́n ní mi ò bímọ, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, wọ́n sì lu òǹtẹ̀ ìjọba sí i.

Ẹ ṣáà mọ̀ pé Rasheedah yege ìdánwò ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Wọ́n ní kó lọ gba ìwé ní ọ́fíìsì ìjọba, ìwé tó máa fi hàn pé ọmọ ìbílẹ̀ ibí ni, kó sì mú un wá kí ọjọ́ Jímọ̀ tó parí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á fi àyè rẹ̀ fún ẹlòmíì. Òní ti di Ọjọ́rú. Ìwé yẹn kì í ṣe nǹkan tuntun lójú mi. Nígbà tí mo gba ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Bàbá Bádéjọ ló wà nídìí tábìlì, baba tó máa ń fi bírò sẹ́yìn etí. Baba yẹn kì í béèrè ọ̀rọ̀ bí ọlọ́pàá. Ó wo ọmọ, ó wo èmi, ó ní, "Èwo nínú wọn nìyí, Àbú?" Mo ní, "Àkọ́bí ni, sà." Ó ní, "Olúwa á dá àwọn yòókù sí." Ó kọ̀wé, a gbà á, a lọ sílé.

Bàbá Bádéjọ ti fẹ̀yìn tì. Gíláàsì kan bíi tẹlifíṣọ̀n ni mo bá nídìí tábìlì rẹ̀, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ọpẹ́olúwa sì jókòó tì í. Ọmọ náà kúnlẹ̀ kí mi, ọmọ tí wọ́n kọ́ ni, mi ò ní í purọ́ mọ́ ọn. Ó ní, "Bàbá, éè-áì ni wọ́n ń pè é, ẹ̀rọ tó ń ronú bí èèyàn, ìjọba gbé e wá kó máa ràn wá lọ́wọ́. Ó gbọ́ Yorùbá, ẹ bá a sọ̀rọ̀." Mo ṣí fìlà. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀gbọ́n, kí ni ǹ bá ṣe? Ohùn obìnrin kan jáde, ohùn ẹni tó jẹun kánú, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, sà." Mo ní ẹ káàárọ̀ mà, ẹ kú iṣẹ́ ìjọba, ará ilé ńkọ́? Ó ní òun kò ní ará ilé. Mo ní Ọlọ́run á pèsè. Mi ò mọ̀ pé ẹni tí kò ní ará ilé ló fẹ́ wá ka ti ẹlòmíì.

Ó béèrè orúkọ, mo sọ. Ó béèrè àdúgbò, mo sọ. Ó béèrè iṣẹ́, mo ní lébìrà. Ló bá ní, "Ọmọ mélòó ni ẹ bí, sà?"

Ṣé bí wọ́n ṣe ń bi èèyàn nìyẹn? Ta ló ń ka ọmọ fún ọlọ́mọ? Mo ní, "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run." Ó ní òun gbọ́, kí n jọ̀ọ́ sọ iye wọn. Mo ní, "Ọlọ́run ló ni wọ́n." Ó ní òun gbọ́, iye wọn ńkọ́? Rasheedah fi ìgbúnwọ́ gbún mi, ó ní, "Bàbá, ẹ kàn sọ iye wa." Mo wò ó, ó sọ ojú sílẹ̀. Ọpẹ́olúwa ní òun kò lè bá mi sọ ọ́, ohùn òbí fúnra rẹ̀ ni wọ́n ní kí ẹ̀rọ máa gbà. Mo wá ní, "Mà, a kì í kà wọ́n." Ó ní, "Ó ti yé mi, sà. Ẹ ṣeun."

Ó ti yé e. Ẹ gbọ́ ohun tó yé e. Ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni, ẹ sì mọ̀ pé ìwé kẹrin ni mo dé kí n tó fi ilé ìwé sílẹ̀, Rasheedah ló ń kà á fún mi. Ó ka orúkọ mi, ó ka iṣẹ́ mi, ló bá ká ìwé náà sí mẹ́rin. Mo ní kí ló dé? Mo ní kó ṣí i. Ó ṣí i, ó rọra kà á: "Ọmọ, kò sí." Wọ́n ní nítorí pé mi ò lọ́mọ, mi ò lè bá ọmọ kankan tọrọ ìwé. Ẹ̀gbọ́n, ọmọ mi ló ń kà á. Ẹnu ọmọ mi ni mo ti gbọ́ pé mi ò bímọ.

Mo ní kí Ọpẹ́olúwa pa á rẹ́. Ó ní ọwọ́ òun kò tó o, bẹ́ẹ̀ bírò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ẹni tó bá ti bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ lónìí, ó di ọ̀la kó tó tún lè bá a sọ ọ́. Mo ní, ṣé o rí ọmọ yìí? Ó ní òun rí i. Mo ní, imú ta ló wà lójú rẹ̀? Ó wo Rasheedah, ó wò mí, ó ní, "Imú yín ni, Bàbá." Mo ní, ó dáa, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní òun kò láṣẹ. Wọ́n gbé ẹ̀rọ wá kó máa ran òṣìṣẹ́ lọ́wọ́, òṣìṣẹ́ wá jókòó tì í, ó rí òótọ́ lójúkojú, kò lè kọ ọ́. Ta ló wá ń ran ta lọ́wọ́? Mi ò bá ẹ̀rọ jà o. Ọwọ́ la fi ń po kọnkéré títí ẹ fi ra ẹ̀rọ tiyín, ṣé mo bá yín jà? Mo dúpẹ́ ni, ẹ̀yìn mi náà dúpẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ yín bá po èyí tó ṣàn jù, ẹ̀yin lẹ máa pariwo pé Àbú, da sìmẹ́ńtì sí i. Ta ló ń da sìmẹ́ńtì sí tiwọn?

Kí lẹ wí? Pé kí n kàn sọ iye wọn lọ́la, kó parí? Ẹ̀yin, ẹ̀gbọ́n Nọ́fíù, ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀? Ẹ rántí ọdún tí wọ́n ń pín nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn kiri. Wọ́n kan ilẹ̀kùn wa, wọ́n ní ọmọ mélòó ló ń sùn nínú ilé yìí. Inú mi dùn, mo na ìka, mo kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹnu ara mi ni mo fi kà wọ́n. Ọjọ́ kọkànlá, iye yẹn ò pé mọ́. Ẹ̀yin lẹ gbẹ́ ilẹ̀ níjọ́ náà, ẹ ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ṣọ́bìrì. Mo mọ̀ pé ibà ni. Dókítà sọ bẹ́ẹ̀, àlùfáà náà ní kíkà kò pa ẹnikẹ́ni, mo gbà. Ẹnu mi ni kò gbà. Tí wọ́n bá tún bi mí, ṣé kí n ka èyí tó wà nínú ilẹ̀ mọ́ wọn ni, àbí kí n yọ ọ́? Tí mo bá kà á, mo parọ́ fún ìjọba. Tí mo bá yọ ọ́, wàláhì, bí ẹni pé èmi gan-an ni mo lé e jáde nílé.

Rasheedah ò tilẹ̀ sunkún. Ó sìn mí dé ibi tí mo ti wọkọ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ má da ara yín láàmú, mo lè kọ́ṣẹ́ télọ̀." Ọmọ tó ń fi ìwé nọ́ọ̀sì ṣe ìrọ̀rí láti ọdún méjì. Ó ń tù mí nínú, èmi tí wọ́n ní mi ò ní i.

Mo ti rò ó láti Ìbafò títí mo fi dé Magboro níbí. Ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ yín rè é, ẹ má sì sọ pé rárá: kẹ̀kẹ́ akẹ́rù yẹn, èyí tí a fi ń kó búlọ́ọ̀kù. Ẹ yá mi láàárọ̀ ọ̀la. Ọpẹ́olúwa ní ojú kan wà lókè gíláàsì náà, òun ló fi ń ríran. Ó dáa. Mo máa kó gbogbo wọn lọ, mo máa tò wọ́n síwájú rẹ̀ láti orí àgbà dé orí èwe, mo máa ní, "Mà, àwọn rè é, ẹ kà wọ́n fúnra yín." Ẹnu rẹ̀ ni kí iye ti jáde, kò gbọdọ̀ ti tèmi jáde. Bí kò bá sì mọ̀ ọ́n kà, kí ọ̀gá tó rán an níṣẹ́ jáde wá kà wọ́n. Mi ò ní í kúrò níbẹ̀, bí wọ́n ti ilẹ̀kùn, ẹnu ọ̀nà la máa jókòó sí.

Ẹ ní kí n mú un? Màá rọra wà á. Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní fóònù yín kí n fi pe ìyàwó mi, tèmi ti kú.

Fàúsátù, èmi ni. Bá mi fọ aṣọ àwọn ọmọ nísinsìnyí, kó lè gbẹ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ti ta ni? Ti gbogbo wọn.