Olúwa Kò Jẹ́ Kí Wọ́n Pín Àwọn Ọmọ Mi

Halelúyà! Ẹ bá mi ké e, ẹ̀yin ará, ohùn tèmi ti há. Jésù ṣeun! Mo ní Jésù ṣeun o!

Rewáyà tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe ni Bàbá Tósìn, ọkọ mi, ní Ọ̀fà Garage. Àbúrò rẹ̀ ń ta inṣọ́ránsì. Akọ̀wé ni mo ń pè é. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Lọ́jọ́ tó gbé ọjà rẹ̀ wá sílé wa, ó ní, "Bùọ̀dá mi, ẹ máa san díẹ̀díẹ̀. Tí nǹkan bá ṣe yín, wọ́n á sanwó fún ìdílé yín."

Inú bí mi. Mo ní, "Ikú ta lẹ ń sọ lójú mi? Ọlọ́run máà jẹ́!" Mo bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, mo lọ ń fọṣọ. Ohun tí wọ́n jọ sọ lẹ́yìn mi, mi ò gbọ́; mo ṣáà mọ̀ pé Bàbá Tósìn rà á, ó sì ń san án díẹ̀díẹ̀.

Àìsàn dé. Dókítà pè mí sí kọ̀rọ̀, ó ní, "Màmá Tósìn, kíndìnrín wọn ti dáṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ máa gbàdúrà." A gbàdúrà! Ẹ̀yin náà gbà á. Ó kú. Mi ò ní purọ́ nílé Ọlọ́run, mo bá Ọlọ́run jà.

A ò tíì ṣọ̀fọ̀ tán tí ẹbí fi pèpàdé. Wọ́n ní apá mi ò lè ká ọmọ mẹ́ta, àfi kí wọ́n pín wọn: Tósìn sí Èkó, Bùnmi sí Ìbàdàn, àbíkẹ́yìn sí abúlé. Yéè! Mo bi Akọ̀wé pé owó inṣọ́ránsì ńkọ́? Ó ní, "Ìyàwó wa, orúkọ tèmi ni Bùọ̀dá ní kí n kọ síbẹ̀. Èmi ni mo ni ín."

Ṣùgbọ́n ọ̀gá wọn ní ọ́fíìsì, Alhaji kan ní àdúgbò Gàmbàrí, ní òun gbọ́dọ̀ fojú rí opó kóun tó sanwó. Akọ̀wé fúnra rẹ̀ ló mú mi lọ! Alhaji kí mi kú ìrọ́jú, ó wá kọjú sí Akọ̀wé.

"Ta ló tà á fún olóògbé?"

"Èmi ni, sà."

"Ta ló fẹ́ gbowó?"

Akọ̀wé fọwọ́ sáyà.

"Haba! Ẹni tó tà á kì í gbà á. Òfin wa nìyẹn, o sì mọ̀ ọ́n. O jèrè nígbà tó rà á, o tún fẹ́ jèrè nígbà tó kú? Ìyàwó àti ọmọ ló lowó yìí, wallahi!"

Mo wólẹ̀ níbẹ̀, mo bú sẹ́kún. Olúwa, o ṣé! Wọ́n sanwó náà fún mi, ẹbí ò sì lè sọ pé apá mi ò ká àwọn ọmọ mọ́.

Látìgbà náà, Akọ̀wé ò yà sílé wa mọ́. Ìyá ọkọ mi ò dáhùn tí mo bá kí wọn. Ó ń dùn mí, ará. Ibùsùn Bàbá Tósìn ṣì ṣófo.

Ìwọ opó tó ń fi ìborùn nu ojú lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn, Ọlọ́run ò gbàgbé rẹ. Ẹ bá mi dúpẹ́! Tósìn, dìde. Bùnmi, gbé àbúrò rẹ sókè kí ìjọ rí i. Ẹ wò wọ́n, ará. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló jí nílé mi láàárọ̀ yìí.