Kúnlẹ̀ Jàre

Nígbà kan tí kẹrosíìnì wọ́n, mo tò sórí ìlà ní Ifọ̀, mo sì gbọ́ obìnrin aránṣọ kan tó ń bá ìyá àgbà kan sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi, tó ń gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ láti ọwọ́ kan sí èkejì.

Ìyá àgbà náà bi í pé, “Àbúrò rẹ tọ́kọ ẹ̀ kú ńkọ́? Ṣé ẹ ti fẹjọ́ sun baálẹ̀?”

“A ti lọ, Mà. Akọ̀wé baálẹ̀ tó fipá bá a lòpọ̀ nígbà tó lọ gbàwé ilẹ̀ ọkọ ẹ̀, òun náà la bá lórí àga, tó mú bírò, tó fẹ́ kọ ẹjọ́ ọ̀hún sílẹ̀.”

“Háà! Akọ̀wé yẹn kan náà?”

“Òun ni. Wọ́n ní kí àbúrò mi kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà. Ó kúnlẹ̀ kí baálẹ̀, ó kí àwọn ìjòyè. Nígbà tó kan akọ̀wé, ó dìde. Ni wọ́n bá ní àwọn ò gbọ́ ẹjọ́ aláfojúdi.”

“Kí lẹ wá ṣe?”

“Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ léjìká, Mà. Mo ní, ‘Kúnlẹ̀ jàre, ká lè ráyè sọ̀rọ̀.’”

Ìlà sún síwájú, aránṣọ ò sún.

“Ó kúnlẹ̀ o. Ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀ kankan. Títí dòní, tó bá jí, á kí gbogbo ará ilé, kò ní kí mi.”